Kíríìmù idán Táíwò, àti ọjọ́ tí mo fi ọ̀rá wé ẹsẹ̀ àbúrò mi

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ Ọjọ́rú. Táíwò jókòó sórí àga nínú kíṣíìnì, ó na apá méjèèjì síwájú mi bí ẹni tí ọlọ́pàá fẹ́ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́. Mo fún kíríìmù funfun jáde látinú túùbù kékeré sí inú ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti máa ń hàn, mo tún fún díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ kejì. Mi ò fi ra á lára o. Mo kàn gbé e kalẹ̀ síbẹ̀ ni, bí ìgbà téèyàn gbé bọ́tà lé búrẹ́dì tí kò tíì fọ̀bẹ tẹ́ ẹ. Mo wá fi pílásítà tó mọ́ gaara bí ọ̀rá bò ó, mo fi ìka tẹ etí rẹ̀ yíká kó má baà jò, mo sì fi bírò kọ aago sí i lórí: 7:10.

Kẹ́hìndé dúró tì wá pẹ̀lú abọ́ kọnfíléèsì lọ́wọ́. "Mọ́mì, ẹ fi díẹ̀ sí tèmi náà."

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń bẹ ẹ̀bẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́. AA lòun, SS ni Táíwò. Inú kan náà ni wọ́n ti jáde, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ wọn ni kò bára mu. Àrùn tí àwọn àgbà wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá Táíwò fínra, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà la sì ń gbé e lọ sí ọsibítù kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbí, kí wọ́n lè fa lára ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde, kí wọ́n fi ti ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Ká tó mọ kíríìmù yìí, ẹni mẹ́rin ló ń dì í mú. Èmi á di orí mú, bàbá rẹ̀ á di ẹsẹ̀ mú, nọ́ọ̀sì méjì á máa wá iṣan. Mo ti sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọsibítù yẹn ju bí mo ṣe sunkún nílé lọ.

Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ló fi kíríìmù náà mọ̀ wá. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kì í pe orúkọ rẹ̀ gan-an fún ọmọdé, magic cream ni wọ́n ń pè é. Òun ló sọ ọ́ di kíríìmù idán fún wa. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa. Oògùn lèyí, kì í ṣe ìpara. Ibi tí mo bá fi hàn yín nìkan lẹ máa fi sí, iye tí mo bá ní kẹ́ ẹ lò náà lẹ máa lò, tí aago bá sì ti tó, ẹ nù ún kúrò."

Mo ní mo ti gbọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé mi ò gbọ́ nǹkan kan.

EMLA lorúkọ tó wà lára túùbù wa. Oògùn méjì ló wà nínú rẹ̀, lidocaine pásẹ́ǹtì 2.5 àti prilocaine pásẹ́ǹtì 2.5. Ohun kan wà nípa wọn tó máa ń dùn mọ́ mi: ìyẹ̀fun gbígbẹ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó bá dá wà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pò wọ́n pọ̀ lọ́gbọọgba, wọ́n á yọ́ di òróró láìsí pé ẹnikẹ́ni dáná sí wọn nídìí. Òróró yẹn ló ń ráyè wọ awọ ara. Awọ ara kì í sì í tètè ṣílẹ̀kùn fún àlejò, ìdí nìyẹn tó fi ń gbà tó wákàtí kan gbáko kó tó ṣiṣẹ́. Tó bá ti dé ìsàlẹ̀, á dí ọ̀nà mọ́ àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn ìrora lọ sí ọpọlọ. Abẹ́rẹ́ á wọlé, ọpọlọ ò ní gbọ́.

Òmíràn tún wà tí wọ́n máa ń lò fún wa nígbà mìíràn, Ametop, tetracaine pásẹ́ǹtì 4 ló wà nínú tiẹ̀. Ìyẹn yá ju EMLA lọ: ìṣẹ́jú 30 fún ẹ̀jẹ̀ gbígbà, 45 tí wọ́n bá fẹ́ fi abẹ́rẹ́ omi sílẹ̀ sínú iṣan. Inú fíríìjì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ó máa ń jẹ́ kí ojú ibẹ̀ pọ́n, kó sì máa yún ọmọ. EMLA ní tirẹ̀ máa ń sọ awọ di funfun. Lára ọmọ dúdú bíi Táíwò, ńṣe ló ń rí bí ara tí ọyẹ́ fẹ́ sí tí wọn ò fi ìpara pa. Ó tún máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, nítorí náà tá a bá nù ún tán, nọ́ọ̀sì a máa ní ká dúró díẹ̀ kí iṣan lè yọjú.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀ bí ẹni mowó. Mo ti ń dá àwọn ìyá mìíràn lẹ́kọ̀ọ́ nínú yàrá ìdúródè, tí mo bá ń sọ̀rọ̀ ẹ ó rò pé èmi ni mo pò ó.

Oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá, a lọ sí Èkó fún ayẹyẹ àádọ́rin ọdún Màmá wa. Ṣúrùlérè la wọ̀ sí, nínú ilé tí wọ́n bí wa sí. Aṣọ tí àbúrò mi obìnrin rán fún ọjọ́ náà là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dé ibi tí mi ò ní dárúkọ, ó sì ti pinnu pé òun máa fi wáàsì fa irun ẹsẹ̀ òun méjèèjì láti ìdí dé ọrùn ẹsẹ̀. Kò fà á rí láyé rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti sọ fún un pé ó ń dun èèyàn wọ eegun.

"Àǹtí mi, ṣé kíríìmù Táíwò yẹn ò sí lọ́wọ́ yín?"

Túùbù onígíráàmù márùn-ún méjì wà nínú báàgì mi, nítorí mi kì í rìnrìn àjò láìmú un dání. Ó gbà á, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Èyí ò lè kárí orúnkún mi kan." Òótọ́ ló sọ. Ó bá jáde lọ ra òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun ìṣaralóge. Túùbù dúdú ńlá ni, wọ́n ya òdòdó aláwọ̀ wúrà sí i lára. Mo yí i síwá sẹ́yìn, mi ò rí nọ́ńbà NAFDAC. Mo wá ohun tó wà nínú rẹ̀, mo rí i ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà rẹ̀ wínníwínní: lidocaine pásẹ́ǹtì 10.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dá a dúró. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ohun tí mo rò? Mo rò pé àbúrò mi ṣáà sanra ju Táíwò lọ, kò burú tí tiẹ̀ bá le díẹ̀.

Ó kọ́kọ́ wẹ̀. Ó fi kànrìnkàn ìbílẹ̀ àti ọṣẹ dúdú ha ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì títí tí wọ́n fi ń dán bí ìgbá tí wọ́n fi òróró pa. Lẹ́yìn náà ni èmi fúnra mi wá fún túùbù yẹn, odindi rẹ̀ ló tán síbẹ̀. Mo ní kó má fi ra á, kó jẹ́ kó nípọn, gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ mi. Kò sí pílásítà tó lè gba ẹsẹ̀ àgbàlagbà, mo bá lọ mú ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí Màmá fi ń bo ọbẹ̀ nínú fíríìjì, mo wé e láti itan dé kókósẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì, bí ẹni ń fi ewé pọ́n mọ́ínmọ́ín. Wọ́n ti mú iná lọ, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ò tíì dáhùn, ooru ń mú bí nǹkan míì. Ó wọ ṣòkòtò lé ọ̀rá náà lórí kí àwọn àlejò má baà rí i, ó jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń bá wọn gé àlùbọ́sà.

Ó tó bí ìṣẹ́jú 40 kó tó wọlé wá bá mi.

"Àǹtí mi, ètè mi kú."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé kò fi ọwọ́ oníkíríìmù kan ẹnu ṣá. Ó ní òun ti fọwọ́ tipẹ́. Ó jókòó. "Etí mi ń hó." Ó ń fi ahọ́n lá ètè rẹ̀ léraléra, ó ní ó ń ṣe òun bí ẹni ń lá ṣíbí irin. Nígbà tó tún fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ń fà lẹ́nu rẹ̀ bíi tẹni tó ti ń mu ẹmu láti àárọ̀, mo sì rí i tí ẹran ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ òsì ń ta pọ́n, pọ́n, pọ́n.

Mi ò ní purọ́ pé ọgbọ́n ni mo lò. Ẹ̀rù ló gbé mi dìde. Ohùn nọ́ọ̀sì ọmọ Ìjẹ̀bú ló sọ sí mi létí: ẹ nù ún kúrò. Mo fi sísọ́ọ̀sì gé ọ̀rá náà já, mo fi tówẹ́ẹ̀lì gbígbẹ gbá kíríìmù náà kúrò, ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin gbé kẹ́ẹ̀gì omi wá, a fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì nínú bàlùwẹ̀ tó ṣókùnkùn, iná fóònù la fi ń ríran. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe orúkọ Jésù. Mo ju túùbù dúdú náà sínú báàgì mi, a gbé àbúrò mi sínú mọ́tò.

Ní ọsibítù, dókítà ọ̀dọ́ kan gba túùbù náà lọ́wọ́ mi kó tó béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kà á. Ó ní ibo la fi í sí. Mo na ọwọ́ láti itan mi dé ilẹ̀. Ó ní ṣé a bò ó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo fi ọ̀rá wé e. Kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó yára sí i. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ àbúrò mi láyà kí wọ́n lè máa wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kí ọ̀nà lè wà nílẹ̀ tí wọ́n bá ní láti fún un lóògùn. Wákàtí mẹ́fà la lò níbẹ̀. Etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ dákẹ́, ètè rẹ̀ jí lẹ́yìn náà. Gìrì ò mú un, ọkàn rẹ̀ ò ṣìnà. Alẹ́ ọjọ́ náà la gbé e padà sílé.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, dókítà yẹn jókòó tì mí, ó ní kí n na ọwọ́ mi. Àtẹ́lẹwọ́ èèyàn pẹ̀lú àwọn ìka rẹ̀, ó ní, tó bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún awọ ara olúwarẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì láti ìdí dé ọmọ ìka tó ọwọ́ 36. Nígbà tí mo délé ni mo tú bébà kékeré tó wà nínú páálí EMLA wa, èyí tí mo ti ń sọ nù láti ọdún méjì, mo sì kà á fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Fún àgbàlagbà tó fẹ́ yọ irun lára, ibi tó fẹ̀ jù tí wọ́n gbà kó fi í sí ni 600 cm², gíráàmù 60 ló pọ̀ jù, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí márùn-ún lọ. Tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ wọn 600 cm², kò lé ní ọwọ́ mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin.

Ọwọ́ mẹ́rin. Mo fi kún ọwọ́ mẹ́rìndínlógójì, oògùn tó le ní ìlọ́po méjì tiwa, lórí awọ tí kànrìnkàn ti ha, ọ̀rá lórí oògùn, ṣòkòtò lórí ọ̀rá, ooru Èkó lórí gbogbo rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí ló ń mú kí oògùn yára wọ ẹ̀jẹ̀. Èmi ni mo kó wọn jọ sínú ìkòkò kan.

Ọ̀rá yẹn ló dùn mí jù, nítorí òun gan-an ni mo fi ń yangàn. Mo rí i tí àwọn nọ́ọ̀sì ń bo kíríìmù Táíwò, mo gbà pé bíbò dára. Ó dára lóòótọ́, lórí ojú méjì tí kò fẹ̀ ju owó ẹyọ lọ. Bíbò ló ń ti oògùn náà wọnú awọ. Tó bá wá di odindi ẹsẹ̀ méjì, ibo ni gbogbo ohun tí ọ̀rá tì wọlé fẹ́ gbà lọ bí kò ṣe inú ẹ̀jẹ̀?

Ẹ̀dọ̀ ló ń bá wa tú lidocaine ká. Tí ó bá ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ̀dọ̀ á máa bójú tó o, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ó wọlé. Tó bá ya wọlé ju bí ẹ̀dọ̀ ṣe lè tú u, á gba ọ̀dọ̀ ọpọlọ àti ọkàn lọ, torí ọ̀nà tí àwọn iṣan abẹ́ awọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn náà ni ọpọlọ àti ọkàn fi ń ṣiṣẹ́. Lidocaine yìí kan náà làwọn dókítà ti ń gún sínú iṣan ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù gbàgà-gbàgà kó lè bọ̀ sípò, nítorí náà kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ó lè yí ọkàn tó ń lù dáadáa dà. Ètè tó kú, etí tó ń hó, ìtọ́wò irin lẹ́nu, orí fífò, ojú tó ń ṣe bàìbàì, ọ̀rọ̀ tó ń fà, ẹran ara tó ń ta: ìwọ̀nyẹn ló máa ń ṣáájú. Gìrì ló kù lẹ́yìn wọn, lẹ́yìn náà kí ọkàn fà sẹ́yìn. Dókítà yẹn ní tó bá le dé bẹ́ẹ̀, ọ̀rá olómi tó funfun bíi wàrà, irú ọ̀rá tó wà nínú òróró, tó jẹ́ pásẹ́ǹtì 20, ni wọ́n máa ń fà sínú iṣan aláìsàn, kó lè bá wọn gbá oògùn náà mú. Ọ̀rá tún ni o. Mi ò lè rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

(Bí wọ́n ṣe dé ìdí lidocaine gan-an, láti ẹnu ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930 ní Sweden, onímọ̀ kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ Holger Erdtman fi ahọ́n kan nǹkan tó ń pò, ahọ́n rẹ̀ kú. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bá a bọ̀ títí Nils Löfgren fi ṣe lidocaine ní 1943. Bengt Lundqvist tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ rẹ̀ láti dán an wò. Ìgbà tí mo kà á ni mo rántí àbúrò mi tó jókòó tó ń lá ètè.)

Àwa kọ́ la kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. Ní 2007, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ké gbàjarè lórí ọ̀rọ̀ obìnrin méjì, ọ̀kan ọmọ ọdún 22, èkejì ọmọ ọdún 25. Àwọn méjèèjì fẹ́ lọ fi iná laser yọ irun ẹsẹ̀. Àwọn méjèèjì fi kíríìmù tó le sí ẹsẹ̀, wọ́n fi nǹkan wé e. Gìrì mú wọn, wọn ò mọra mọ́, wọ́n kú. Mo ka ìyẹn lórí fóònù mi lóru ní Ṣúrùlérè, àbúrò mi ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì dìde lọ fọwọ́ kan àyà rẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2024, àjọ yìí kan náà tún kìlọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta èyí tó lé ní lidocaine pásẹ́ǹtì 4 láìsí ìwé dókítà, fún àwọn tó ń ya àwòrán sára, tó ń lu ihò sára, tó ń yọ irun. Pásẹ́ǹtì 4 ni òpin lọ́hùn-ún. Pásẹ́ǹtì 10 ni tiwa, òdòdó wúrà ló sì wà lára rẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ọjọ́ kejì, ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin gbé ọmọ tuntun rẹ̀ wá, ọmọbìnrin, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n fẹ́ lu etí rẹ̀ kí ayẹyẹ tó dé. Màmá wò mí.

"Èyí tó ṣẹ́kù nínú túùbù òyìnbó Táíwò yẹn, tí ọsibítù fún ọ, ìyẹn ṣáà dáa. Ṣé kò ní í wúlò fún etí ọmọ yìí?"

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ó tì."

Prilocaine tó wà nínú EMLA ní wàhálà mìíràn lọ́tọ̀. Tó bá wọ ara, ohun tó ń yọ jáde látinú rẹ̀ lè yí ẹ̀jẹ̀ padà débi tí kò fi ní lè gbé ọ́síjìn fún ara mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún á dúdú rẹ́súrẹ́sú bíi kòkó mímu. Àgbàlagbà ní ohun tó ń tún un ṣe nínú ara, tí ọmọ tuntun kò tíì tó. Ìdí nìyẹn tí bébà yẹn fi há a mọ́ ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta: gíráàmù kan péré, lórí 10 cm², tí kò tó ìdá mẹ́rin káàdì ATM, fún wákàtí kan, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín wákàtí 24. Ta ló fẹ́ wọn ìyẹn lórí àkéte ní Ṣúrùlérè?

Tiwa tún yàtọ̀, torí G6PD. Ohun kan ni nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń dáàbò bò ó, àìtó rẹ̀ sì wọ́pọ̀ gidigidi ní ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá lára ọmọkùnrin. Ní UCH Ìbàdàn ni Lucio Luzzatto, dókítà ará Ítálì, ti ṣiṣẹ́ lé e lórí láti àwọn ọdún 1960, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é, tí wọ́n fi hàn bí ó ṣe bá ibà tan. Nítorí rẹ̀ làwọn nọ́ọ̀sì fi máa ń pariwo mọ́ wa pé ká má fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ tuntun, kí ibà pọ́njú má baà kọ lù ú. Màmá mọ ti káńfọ̀ dáadáa. Ohun tí kò mọ̀, tí èmi náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ni pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni prilocaine lè tètè bà jẹ́ lẹ́jẹ̀, àti pé oògùn tó dà bí aró tí wọ́n fi ń wo ìyẹn sàn, methylene blue, tún lè ṣe é ní jàǹbá. Tí wọ́n bá sì ní ọmọ ń di búlúù, ẹ má wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ dúdú, kò ní hàn níbẹ̀. Ètè ni kẹ́ ẹ wò, àti ahọ́n, àti abẹ́ èékánná.

Mo sọ èyí tí mo lè sọ nínú rẹ̀ fún Màmá. Wọ́n gbọ́ ọ délẹ̀, wọ́n ní, "Mo lu etí ìwọ náà láìsí kíríìmù kankan. O ha kú bí?" Nọ́ọ̀sì àdúgbò ló wá lù ú. Ọmọ náà ké lẹ́ẹ̀mejì, ó gba ọmú, ó sùn.

Ọ̀rọ̀ eyín híhù náà wà níbẹ̀, mi ò ní fà á gùn. Àwọn jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi ra èrìgì ọmọ tó ń hu eyín, benzocaine, oògùn mìíràn tó ń mú kí ara kú, wà nínú àwọn kan lára wọn, irú jàǹbá ẹ̀jẹ̀ yẹn náà ló sì lè fà. Ní 2018, FDA ní kí wọ́n má fi í sẹ́nu ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì mọ́. Aṣọ mímọ́ tẹ́ ẹ fi sínú fíríìjì, kó jẹ ẹ́ lẹ́nu.

Nílé wa níbí, nǹkan ti yí padà díẹ̀. Mo ń ka ara túùbù báyìí bí ẹni ń ka ìwé ilẹ̀. Mo ń ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì tí Táíwò bá ń lo oògùn tuntun kankan, torí àwọn kan wà, bíi Septrin, tí kò yẹ kí wọ́n bá prilocaine pàdé lára ọmọ kékeré. Tí èékánná bá ti ha ọmọ níbì kan, tàbí tí ara rẹ̀ ń bó, mo ń fo ibẹ̀. Mo máa ń fi báńdéèjì wé pílásítà náà látìgbà tí mo bá Kẹ́hìndé tó ti bọ́ ọ kúrò lọ́wọ́ ìkejì rẹ̀, tó fẹ́ lá a wò bóyá ó dùn. Mo ń fọwọ́ mi lẹ́yìn tí mo bá fi í sí i, nítorí lọ́jọ́ kan mo fi ìka nu ojú, ojú kú fún mi, mi ò mọ̀ bóyá ó ń ṣẹ́jú tàbí kò ṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Peckham tó ń ya ìpéǹpéjú fún àwọn obìnrin sọ fún mi pé ohun tí òun ń bẹ̀rù jù níṣẹ́ òun nìyẹn: kíríìmù tó ṣàn wọ ojú, tí oníbàárà ò mọ̀ pé nǹkan ń ha òun lójú. Tí Táíwò bá délé láti ọsibítù, mi kì í jẹ́ kó gbé ọwọ́ tó kú sún mọ́ ìgò omi gbígbóná tó máa ń gbé lé eegun rẹ̀, títí ọwọ́ náà á fi jí. Ó lè jó kó má mọ̀.

Ìyẹn ti tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń béèrè nípa àbúrò mi láti òkè, ẹ gbọ́. Dókítà ní kó fi ẹsẹ̀ yẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ó fi sílẹ̀. Nígbà tí ayẹyẹ ku ọ̀la, ó gba ilé obìnrin tó ń fa wáàsì ní òpópó kejì lọ, láìfi nǹkan kan sí ẹsẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n fa ti ẹ̀kẹta, igbe tó ké pọ̀ débi pé ọkùnrin tó ń tún táyà ṣe níwájú ilé wá kan ilẹ̀kùn, ó ní ṣé kò sí nǹkan. Ó fara da ẹsẹ̀ ọ̀tún dópin. Ẹsẹ̀ òsì, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún náà ni aṣọ rẹ̀ ti là. Ó jó láti aago méjì títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sẹ́ni tó mọ̀.